Bí ẹ ṣe lè ṣe ẹńjìnnì tí fáàfù rẹ̀ ń ṣí láìsí kámúṣáàfù

Ẹni tó bá ti ṣí ìdérí tọ́ọ̀pù sílíńdà Corolla rí ti rí kámúṣáàfù: irin gígùn tí wọ́n gbẹ́ ìwú bí ẹyin adìyẹ sí lára. Bí irin náà ṣe ń yí, ẹyin kọ̀ọ̀kan ń tẹ fáàfù tirẹ̀ (ilẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé tàbí kí èéfín jáde) sílẹ̀, bí imú ẹyin bá sì ti kọjá, sípíríǹgì á dá fáàfù padà sí ìjókòó rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹńjìnnì ló ti pinnu bí ẹyin yẹn ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ló sì máa wà títí ẹńjìnnì fi máa kú. VVT-i, ẹ̀rọ Toyota tó ń yí àkókò kámúṣáàfù padà, lè sún un síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀, àmọ́ kò lè sọ ẹyin kékeré di ńlá. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹńjìnnì nílò nígbà tó ń sáré lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó nílò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọjọ́ta.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń yọ kámúṣáàfù kúrò, tí wọ́n ń fún fáàfù kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ tirẹ̀, tí kọ̀ǹpútà sì ń pàṣẹ fún ọwọ́ náà. Nínú ẹńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ńláńlá, èyí kì í ṣe tuntun mọ́, ọ́ìlì alágbára ló ń ṣí fáàfù èéfín wọn. Ní ti mọ́tò, àwọn ará Sweden ló lọ jìnnà jù. Freevalve, tó jẹ́ ti ẹbí Koenigsegg, fi afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ṣe tiwọn. Wọ́n bá Qoros ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣe ọkọ̀ kan tí wọ́n fi han aráyé ní 2016. Nígbà tó di 2020, Koenigsegg kéde ọkọ̀ Gemera pẹ̀lú ẹńjìnnì onísílíńdà 3, lítà 2 péré, tí wọ́n ní agbára rẹ̀ tó ẹṣin 600.

A ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yẹn. Ẹńjìnnì kékeré onísílíńdà kan ni kí ẹ wá, irú Honda GX160 àti àwọn ìbejì rẹ̀ tí wọ́n kún ọjà wa, èyí tó ń yí pọ́ǹpù omi àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àwọn fọkanáísà. Ó jẹ́ 163 cc, fáàfù méjì péré ló ní, ó sì ní ìwà kan tó máa gbà wá lọ́wọ́ wàhálà, mo máa dé orí rẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ́ lára rẹ̀ ni ẹ máa gbé lọ sínú mọ́tò.

Kí ẹ tó mú sípánà, ẹ mọ èyí. Iṣẹ́ mẹ́rin ni kámúṣáàfù ń ṣe. Ó ń sọ ìgbà tí fáàfù máa ṣí, bó ṣe máa pẹ́ tó ní ṣíṣí, bó ṣe máa wọlé jìn tó, àti bó ṣe máa padà jókòó. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni gbogbo èèyàn ń rò. Ìkẹrin ló ń pa iṣẹ́. Ẹ wo ìdí ẹyin kámúṣáàfù dáadáa, ẹ máa rí i pé kò gé wálẹ̀ gbàgà. Ó ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí fáàfù lè jókòó bí ìyá tó ń tẹ́ ọmọ sórí ẹní. Ẹnikẹ́ni lè ṣí fáàfù láìsí kámúṣáàfù. Gbígbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́ ni iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe yìí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn ẹyin kí ẹ tó pa á tì

Ẹ má tíì yọ ohunkóhun. Ẹ lẹ páálí tí a pín sí dígírì 360 mọ́ imú kíránkì (irin tí písítìn ń yí), ẹ fi wáyà tín-ín-rín ṣe ìka tó ń tọ́ka sí i. Ẹ wá ibi tí písítìn ti ga jù lọ, ẹ sàmì sí i: òkè pátápátá nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ gbé gééjì tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà lé orí fáàfù kọ̀ọ̀kan, ẹ máa fi ọwọ́ yí kíránkì ní dígírì 5-5, kí ẹ sì máa kọ bí fáàfù ṣe wọlé tó sílẹ̀. Yípo méjì gbáko ni ẹ máa yí i.

Nínú ìwé yẹn ni ẹ máa rí àkókò mẹ́rin tó ṣe pàtàkì. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ: fáàfù àmúwọlé ṣí ní dígírì 10 kí písítìn tó dé òkè, ó pa ní 40 lẹ́yìn tí písítìn ti fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ro ó pọ̀: 10, 180, 40, ó di dígírì 230. Ìwé yìí ni ẹ̀rọ yín máa kọ́kọ́ tẹ̀ lé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí dá tirẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá fò ó kò ní mọ̀ bóyá ẹńjìnnì kọ̀ láti jí nítorí àkókò fáàfù ni tàbí nítorí nǹkan mìíràn.

Nínú irú ẹńjìnnì yìí, kámúṣáàfù wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíránkì. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kàn yọ ọ̀pá gígùn méjì tó ń gbé agbára rẹ̀ gòkè àti apá tó ń tẹ fáàfù. Ọ́ìlì tí ń ta káàkiri nísàlẹ̀ á ṣì máa ta. Gọ́fánọ̀ tó ń dá eré dúró á ṣì máa ṣiṣẹ́, ẹ sì lè dá gbogbo ẹ̀ padà sí bó ṣe wà láàárín ọjọ́ kan bí nǹkan bá dojú rú.

Ìgbésẹ̀ 2: Kí ló máa ti fáàfù?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní ni òòfà iná: sípíríǹgì méjì tó kọjú síra, fáàfù wà láàárín wọn, òòfà kan lókè, òòfà kan nísàlẹ̀. Fáàfù ń fì láàárín wọn bí ọmọ orí okùn ìfì, òòfà kàn ń dì í mú níbi tó bá dé. Ọgbọ́n ńlá ni, torí sípíríǹgì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Àmọ́ bí ohun tó ń fì náà bá wúwo tó gíráàmù 100, tí ẹ bá fẹ́ kó rìn mìlímítà 8 láàárín mìlísẹ́kọ́ńdì 3.5, sípíríǹgì náà gbọ́dọ̀ le tó Níútìn 80 (Níútìn ni òṣùwọ̀n ipá) fún mìlímítà kan, òòfà yóò sì máa di Níútìn 320 mú. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí irin ṣe ń sún mọ́ òòfà ni agbára òòfà ń di ìlọ́po-ìlọ́po. Ibi tí a ti fẹ́ kó rọra gan-an ló ti ń fà jù.

Èkejì ni ọ́ìlì alágbára. Ó lágbára, ó sì ṣeé gbọ́kàn lé, àmọ́ pọ́ǹpù rẹ̀ wọ́n, bí páìpù rẹ̀ bá sì tú, ọ́ìlì yẹn lè gún awọ ara wọlé. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ nímọ̀ràn pé kó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́: afẹ́fẹ́ ṣí i, sípíríǹgì tí fáàfù ti ní tẹ́lẹ̀ pa á, ọ́ìlì díẹ̀ sì gbé e sílẹ̀. Èyí la máa ṣe. Ìtẹ̀ báà 7, nǹkan bí 100 PSI, ló tó, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fọkanáísà sì lè fún yín ní ìyẹn. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ jù ni pé bí iná bá kú tàbí tí wáyà bá já, afẹ́fẹ́ á jáde, sípíríǹgì á pa fáàfù, písítìn kò sì ní rí nǹkan kọlù.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣírò

Fáàfù èéfín ni kí ẹ ṣírò, torí òun ló le jù. Nígbà tó fẹ́ ṣí, èéfín gbígbóná inú sílíńdà ṣì ń tì í mọ́ ìjókòó rẹ̀. Ká ní báà 4 ló kù, tí orí fáàfù sì fẹ̀ tó mìlímítà 24. Ojú rẹ̀ jẹ́ 4.5 cm², ìtẹ̀ náà sì jẹ́ Níútìn 181. Sípíríǹgì ní tirẹ̀, ká pè é ní 90. Ó wá ku ìwúwo: fáàfù, àwo sípíríǹgì àti písítìn kékeré tí a fẹ́ ṣe kí afẹ́fẹ́ lè fi ti fáàfù, gíráàmù 60 lápapọ̀. A fẹ́ kó rìn mìlímítà 6 láàárín mìlísẹ́kọ́ńdì 4. Ìdajì ọ̀nà ló máa fi gba eré, ìdajì ló máa fi dúró, nítorí náà ẹ sọ ọ̀nà náà di ìlọ́po mẹ́rin, kí ẹ sì fi àkókò tí a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ pín in. Ó máa fún yín ní 1,500 mítà fún sẹ́kọ́ńdì lọ́nà méjì, ẹ fi gíráàmù 60 lu ú, ó di Níútìn 90.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ Níútìn 361. Báà 7 nílò ojú tó fẹ̀ tó 5.2 cm² láti fún wa ní ìyẹn, èyí tí í ṣe písítìn kékeré tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 26. Ẹ ṣe é ní 30, torí afẹ́fẹ́ máa ń pàdánù agbára lójú ọ̀nà. Ẹ fi nọ́ńbà fáàfù tiyín rọ́pò tèmi o, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ gbé e lé ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká wo iye afẹ́fẹ́ tó máa jẹ, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ètò tó dára lórí ìwé ti ń kú sí. Bí gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ ń kún lórí písítìn kékeré bá gba 6 cm³ ní báà 7, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 50 cm³ afẹ́fẹ́ ìta. Tí ẹńjìnnì bá ń yí 3,600 nínú ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí ní ìgbà 1,800; fáàfù méjì, 3,600. Lítà 180 afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan! Láti fún ìyẹn pọ̀, ẹ máa ná agbára tó lé ní kílówáàtì kan, bẹ́ẹ̀ gbogbo agbára ẹńjìnnì kékeré yìí kò ju nǹkan bíi kílówáàtì 3.6 lọ.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà. Ẹ dín àyè òfìfo kù: kí sọ́lẹ́nọ́ìdì (ẹnu ọ̀nà kékeré tí iná ń ṣí tó sì ń tì fún afẹ́fẹ́) jókòó sórí písítìn kékeré gan-an, kí ó má ṣe jẹ́ páìpù gígùn ló so wọ́n pọ̀. Èkejì dára jù: ẹ má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé títí fáàfù fi ṣí tán. Kété tí fáàfù èéfín bá ti yà díẹ̀, ìtẹ̀ inú sílíńdà ń já wálẹ̀, agbára tí a nílò náà ń dín kù. Ẹ ti ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ pa ní ìdajì, kí èyí tó ti wọlé fẹ̀, kó sì parí iṣẹ́. Nítorí náà, fáàfù kọ̀ọ̀kan nílò sọ́lẹ́nọ́ìdì méjì, ọ̀kan fún wíwọlé afẹ́fẹ́, ọ̀kan fún jíjáde. Ti wíwọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó máa ń tì nígbà tí kò sí iná, ti jíjáde gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó máa ń ṣí. Ẹ má ṣe gbé wọn fún ara wọn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ọwọ́ tí ń ti fáàfù

Ẹ lọ bá tọ́nà tó mọṣẹ́, kó fi alumíníọ̀mù tó nípọn tó mìlímítà 20 gé pèpéle tó máa jókòó síbi tí ìdérí fáàfù wà. Kó gbẹ́ ihò méjì sí i fún písítìn kékeré méjèèjì. Kí ihò kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ọ̀pá fáàfù rẹ̀, kó má yẹ̀. Bó bá ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ihò tí ọ̀pá fáàfù ń gbà kọjá máa jẹ, ọ́ìlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí jó. Ẹ lo óríìngì Viton; rọ́bà dúdú lásán máa ń gan lórí ooru bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín písítìn kékeré àti orí ọ̀pá fáàfù, bí ìgbà tí ẹ ń ṣe táàpẹ́ẹ̀tì. Ní GX160, mìlímítà 0.15 ni wọ́n fún àmúwọlé, 0.20 fún èéfín, nígbà tí ẹńjìnnì bá tutù. Irin máa ń gùn bó bá gbóná. Bí kò bá sí àlàfo, fáàfù èéfín kò ní jókòó tán, iná á máa gba etí rẹ̀ kọjá, yóò sì jó o.

Ó wá ku písítìn ńlá. Kámúṣáàfù kì í jẹ́ kí fáàfù ṣí gbayawu nígbà tí písítìn wà lókè, àmọ́ kọ̀ǹpútà tó bá ṣàṣìṣe lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ tọ́ọ̀pù, ẹ lẹ pilastísíìnì àwọn ọmọ iléèwé mọ́ orí písítìn, ẹ dá tọ́ọ̀pù padà, ẹ ti fáàfù wọlé dé òpin, kí ẹ sì rọra fi ọwọ́ gbé písítìn gòkè. Ẹ tú u, ẹ fi ọ̀bẹ gé pilastísíìnì náà, kí ẹ wọn ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Mìlímítà 2 fún àmúwọlé àti 2.5 fún èéfín ni mo máa ń fẹ́ rí. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi irin dí ọ̀nà kí fáàfù má lè wọlé jìn mọ́, kódà bí ẹ bá pàdánù agbára díẹ̀. Irin ni kó dáàbò bo ẹńjìnnì, kì í ṣe kóòdù.

Ìgbésẹ̀ 5: Bí fáàfù ṣe máa jókòó

A ti dé ibi tí mo ń wí. Bí sípíríǹgì bá dá fáàfù padà fún mìlímítà 6 láàárín mìlísẹ́kọ́ńdì 3, láìsí ohun tó dá a dúró, ó máa gún ìjókòó rẹ̀ pẹ̀lú eré mítà 4 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ẹ gbé fáàfù sókè tó sáǹtímítà 80, ẹ jẹ́ kó já bọ́ sórí irin: bó ṣe máa dún nìyẹn, ìgbà 1,800 nínú ìṣẹ́jú kan. Ohun tí a ń lépa ni 0.1, èyí tó dà bí ìgbà tí ó já bọ́ láti ìdajì mìlímítà.

Èyí àkọ́kọ́ tí mo ṣe kò ní ọ́ìlì ìdádúró rárá. Mo rò pé sípíríǹgì rírọ̀ á tó. Ó ń dún gbà-gbà-gbà bí ẹni ń fi òòlù lu ọmọ odó, mo sì sọ fún ara mi pé ariwo lásán ni. Nígbà tí mo tú u, òrùka tó yẹ kó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn létí fáàfù ti fẹ̀ tó ìlọ́po méjì, ó ń dán níhà kan, níhà kejì ó dúdú, ibi tó dúdú yẹn sì ni kọ̀ǹpírẹ́ṣàn ń gbà jáde. Tí mo bá gbé e sókè sí oòrùn, mo ń rí ìlà ìmọ́lẹ̀ láàárín fáàfù àti ìjókòó rẹ̀. Wákàtí díẹ̀ péré ló fi dé ibẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ gbẹ́ àpò kékeré kan sí orí písítìn kékeré, kí ọ́ìlì ẹńjìnnì máa kún un. Ẹ jẹ́ kí ìmú irin kan wà lẹ́yìn písítìn náà tó máa wọnú àpò yẹn ní mìlímítà 1.5 tó kẹ́yìn ìrìn àjò rẹ̀. Bí ìmú náà bá ti wọlé, ọ́ìlì kò ní ibi tó máa gbà ju ihò tóóró kan lọ, fáàfù á sì rọ̀. Láti gba eré mítà 4 kúrò lára gíráàmù 60 láàárín mìlímítà 1.5, ẹ nílò nǹkan bíi Níútìn 320. Ẹ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agbára tí a fi ṣí i.

Ẹ ṣọ́ra lórí ihò náà. Ihò gígùn bíi páìpù máa ń tẹ̀ lé bí ọ́ìlì ṣe ki tó: láàárọ̀, ọ́ìlì tutù, fáàfù á máa fà bí ẹni tó ń sùn, tí ẹńjìnnì bá gbóná, ọ́ìlì á ṣàn bí omi, ariwo á tún bẹ̀rẹ̀. Ihò tí wọ́n lu sára irin pẹlẹbẹ, tí etí rẹ̀ mú, kì í fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún kíki ọ́ìlì. Èyí ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi bóòtù onímú abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹ lè fi tún un ṣe láìtú nǹkan kan. Ẹ dán an wò nígbà tó tutù, ẹ tún dán an wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti da ọ́ìlì gbígbóná sí i. Bóòtù ibi kan náà gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn ní ìgbà méjèèjì.

Ẹ lẹ òòfà kékeré kan mọ́ àwo sípíríǹgì, ẹ gbé sẹ́ńsọ̀ Hall, èyí tó ń mọ bí òòfà ṣe sún mọ́ ọn tó, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè máa rí ìrìn fáàfù lórí oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya iná bí ìlà lójú rẹ̀. Ìlà tó dára máa ń sọ̀ kalẹ̀, á wá tẹ̀ bí ìdí ìkòkò kó tó kan ilẹ̀. Bí ẹ bá rí i tó kan ilẹ̀, tó tún ta sókè, fáàfù ń ta nìyẹn, kò tíì tó.

Ìgbésẹ̀ 6: Iná àti sọ́lẹ́nọ́ìdì

Ẹ má ra sọ́lẹ́nọ́ìdì afẹ́fẹ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ rí lọ́jà. Púpọ̀ nínú wọn ń gba mìlísẹ́kọ́ńdì 20 kí wọ́n tó dáhùn. Ní 3,600 ìyípo, dígírì kan jẹ́ máíkírósẹ́kọ́ńdì 46, nítorí náà 20 yẹn jẹ́ dígírì 432: kíránkì ti yí lẹ́ẹ̀kan ó lé kí ó tó jí. Ẹ ka ìwé tó bá a wá, ẹ wá èyí tó ń dáhùn láàárín mìlísẹ́kọ́ńdì 2 sí 3.

Tí ẹ bá fẹ́ kó yá, ẹ fi fóltéèjì ńlá jí i, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìwọ̀nba dì í mú kó má bàa jó. Èyí tí àwọn rẹ́wáyà máa ń gbàgbé ni pípa rẹ̀. Dáyóòdù lásán tí a máa ń dè mọ́ kọ́ìlì ń dáàbò bo tìránsísítọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ń jẹ́ kí iná inú kọ́ìlì pẹ́ kó tó tán, sọ́lẹ́nọ́ìdì kò sì ní tètè padà. Ẹ fi dáyóòdù zener kún un, kí iná yẹn lè tán kíá.

Ìgbésẹ̀ 7: Bíréńbọ́ọ̀sì

Teensy 4.1, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí ẹ lè kọ kóòdù sí, tó iṣẹ́ yìí, ó tún ṣẹ́kù. Ẹ de jíà eléyín 36 tí a yọ eyín kan mọ́ kíránkì, eyín kọ̀ọ̀kan jẹ́ dígírì 10, àyè eyín tó sọnù ló ń sọ ibi tí kíránkì wà. Láàárín eyín kan sí èkejì, kóòdù yín máa fi àkókò eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá fojú bu ibi tó dé. Aago inú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi ta sọ́lẹ́nọ́ìdì, ẹ má fi àṣẹ tó ń dúró de àkókò ṣe é.

Sọ́lẹ́nọ́ìdì kì í mọ dígírì, mìlísẹ́kọ́ńdì ló mọ̀. Bó bá ń gba 3 kó tó jí, ìyẹn jẹ́ dígírì 16 ní 900 ìyípo, ó sì di 65 ní 3,600. Àṣẹ gbọ́dọ̀ máa yá síwájú bí eré ṣe ń pọ̀ sí i. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi mìlísẹ́kọ́ńdì lu ìyípo, ẹ fi 0.006 lu ú.

Ìwà tí mo ní mo máa dé orí rẹ̀ rèé. Nínú mọ́tò, sẹ́ńsọ̀ kámúṣáàfù ló ń sọ bóyá òkè tí písítìn dé jẹ́ ti iná tàbí ti èéfín. A ò ní kámúṣáàfù mọ́, ta ló máa sọ ọ́? Kò sẹ́ni tó ní láti sọ ọ́. Fáàfù ti di tiyín, òkè tó bá wù yín ni ẹ lè pè ní ti iná. Mágínẹ́tò ẹńjìnnì kékeré yìí sì ń ta iná ní gbogbo ìyípo, nítorí náà plọ́ọ̀gì á bá yín níbikíbi tí ẹ bá yàn.

Ẹ kọ òfin kan sí orí kóòdù ju gbogbo òfin tó kù lọ: bí iye eyín kò bá pé, kí iná gbogbo sọ́lẹ́nọ́ìdì kú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ dán an wò, ẹ má kánjú

Orí tábìlì lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, tọ́ọ̀pù nìkan, kò sí písítìn nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan ní eré 3,600. Ìyẹn jẹ́ ìgbà 108,000 fún fáàfù kọ̀ọ̀kan. Ẹ tú u, ẹ wo òrùka etí fáàfù. Tí kò bá tíì dọ́gba yíká, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 5.

Lẹ́yìn náà ẹ dè é mọ́ ẹńjìnnì, ẹ yọ plọ́ọ̀gì, ẹ fi mọ́tò iná yí kíránkì. Ẹ wo ìrìn fáàfù lójú oscilloscope, ẹ fi wé ìwé tí ẹ kọ ní Ìgbésẹ̀ 1. Ẹ dá plọ́ọ̀gì padà, ẹ wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣàn. Kámúṣáàfù ẹńjìnnì yìí ní irin kékeré kan tó ń ya fáàfù èéfín díẹ̀ nígbà tí a bá ń fa okùn, kó lè rọrùn. Ẹ ti pàdánù rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú kóòdù pé kí fáàfù èéfín yà díẹ̀ bí eré kò bá tíì tó 400.

Epo bẹntiróòlù ló kẹ́yìn. Ìta gbangba ni kí ẹ wà, kí yanrìn àti ẹ̀rọ paná wà nítòsí, torí bí fáàfù àmúwọlé bá ṣí nígbà tí iná wà nínú sílíńdà, iná á gba ẹnu kábúrétọ̀ jáde. Ẹ wọ gíláàsì ààbò. Ẹ má tú gọ́fánọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi àkókò tí kámúṣáàfù ń lò jí i, ní 1,500 ìyípo, kí ẹ jẹ́ kó sinmi síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́ tó bá ń mí dáadáa níbẹ̀, ẹ wá ṣe ohun tí kámúṣáàfù ẹńjìnnì yìí kò lè ṣe. Ẹ ṣí tọ́tù kábúrétọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí fáàfù àmúwọlé tètè pa kí písítìn tó dé ìsàlẹ̀. Ẹńjìnnì kò ní máa fa afẹ́fẹ́ gba ẹnu tóóró mọ́, fáàfù ló máa ń wọn oúnjẹ rẹ̀ fún un. Ẹ máa gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀: ìmí rẹ̀ á yí padà, á jinlẹ̀ sí i. Mo dúró tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí tèmi ṣe é, n kò fẹ́ pa á.

Láti ibí dé inú mọ́tò

Ẹńjìnnì onífáàfù 16 tó ń yí 6,000 ń ṣí fáàfù ní ìgbà 48,000 nínú ìṣẹ́jú kan, dígírì kan sì ti di máíkírósẹ́kọ́ńdì 28. Báà 7 kò ní tó mọ́, sọ́lẹ́nọ́ìdì náà yóò jẹ́ ọgbọ̀n ó lé méjì. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má yọ kámúṣáàfù méjèèjì. Nínú ẹńjìnnì tó ní méjì lókè, ẹ fi ti èéfín sílẹ̀ pẹ̀lú ṣéènì rẹ̀, kí ẹ yọ ti àmúwọlé nìkan. Ìhà àmúwọlé ni èrè tó pọ̀ jù wà, ibẹ̀ náà ni Fiat dojú MultiAir kọ ní 2009, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kámúṣáàfù ṣì wà nínú tiwọn. Ooru ibẹ̀ kéré, kò sí báà 4 tó ń ti fáàfù padà, písítìn kékeré yín lè tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, iye sọ́lẹ́nọ́ìdì á sì já sí mẹ́rìndínlógún. Sẹ́ńsọ̀ tó bá wà lára kámúṣáàfù èéfín á ṣì máa sọ fún bíréńbọ́ọ̀sì ọkọ̀ ibi tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ wọn gíga tí àwọn písítìn kékeré náà máa gbà kí ẹ tó gé irin, torí bónẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ pa.